Kẹ̀kẹ́ Súnmọ́nù

Ládàánì Ìtóìkín kò tíì pe ìrun tán
tí mo ti gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà.
Ìrì ṣì wà lára irin.
Kẹ̀kẹ́ yìí dàgbà jù mí lọ:
bàbá mi, Súnmọ́nù ẹlẹ́ja gbígbẹ,
rà á lọ́dún tó fẹ́ ìyá mi,
tí inú bá sì bí i, a ní
nínú àwọn méjèèjì, kẹ̀kẹ́ ni kì í bú òun.

Wọ́n ní obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta
kì í gun kẹ̀kẹ́.
Mo ní, níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí?
Mo wọ ṣòkòtò ọmọ mi, mo so ìborùn mọ́rí.

Ilẹ̀ ibí yìí kì í jókòó jẹ́ẹ́.
Á dìde, á tún wólẹ̀,
bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé
tí kò rántí ohun tó gbàgbé.
Oko ẹ̀gẹ́, ọ̀pẹ, oko ẹ̀gẹ́,
ìgbà tí o bá sì rò pé igbó ló kù,
ọ̀sà á yọ láàárín ewé, fìrí,
bí abọ́ tánganran tí wọ́n sá sóòrùn,
á tún wọlé lọ.

Òkè ẹ̀yìn Kétu ló mọ̀ mí.
Mo ń mí bí ẹwìrì,
orúnkún ń ké, ṣéènì ń dá a lóhùn.
Ọmọ kan tó ru igi ní, "Ìyá, ẹ bọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tì í!"
Èmi?
Súnmọ́nù gun òkè yìí pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹja mẹ́ta
àti èmi lórí kárià,
tí mo di ẹ̀wù rẹ̀ mú, tí èéfín ẹja ń rùn lára rẹ̀,
tó ń sọ pé, "Ràfátù, má wo òkè.
Táyà iwájú ni kó o máa wò."
Mo wo táyà iwájú.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọjá lára mi, ṣììì,
bí ogún wọn, bí ọ̀wọ́ ẹyẹ tó gbọ́ òkò,
aṣọ lẹ̀ mọ́ra, akoto lórí,
kẹ̀kẹ́ tí èèyàn lè fi ìka kan gbé.
Ọ̀kan juwọ́ sí mi.
Mo tẹ agogo fún un: kirín.

Mo yà sí Èjìnrìn.
Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ṣì dúró níbẹ̀,
páànù rẹ̀ pọ́n bí epo,
fèrèsé kan lajú, ìkejì ń sùn.
Bàbá mi ní, lọ́jọ́ ọjà, ọkọ̀ ojú omi a pọ̀
débi pé èèyàn á fẹsẹ̀ kọjá lórí wọn
tí bàtà rẹ̀ ò ní tutù.
Mi ò mọ̀ bóyá irọ́ ni.
Ewúrẹ́ kan dá wà létí omi níbẹ̀.
Mo jókòó tì í, mo jẹ búrẹ́dì mi.

Ó ku díẹ̀ kí n dé Pókà
ni mo bá ẹni tó juwọ́ sí mi,
ó dá jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, akoto lórí itan,
ó ń na fóònù sójú ọ̀run.
Táyà rẹ̀ ti jò.
Mo tú àpò awọ Súnmọ́nù: sọlúṣọ̀n, rọ́bà gígé, páńpù.
Mo ki tíúbù bọ omi kòtò, ó sọ ibi tó ń dùn ún.
Mo ha á, mo lẹ̀ ẹ́, mo ka oókan dé ogún.
Ó bi mí pé èló ni.
Mo ní kó má sáré, kí n lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Níbi ìsàlẹ̀ tó kẹ́yìn, èmi ni mo ṣíwájú:
irin wúwo kì í kọ́ ìsọ̀kalẹ̀.
Atẹ́gùn gba ìborùn mi, kò dá a padà.
Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ṣí sílẹ̀ níwájú, odindi,
tọkọ̀ tàwọ̀n,
mo sì ń gbọ́ ọ lẹ́yìn: "Ìyá, bíréèkì! Bíréèkì!"

Bíréèkì ti kú lọ́dún tí Súnmọ́nù kú.
Mo tẹ agogo.